Kíkọ Yàtọ̀ sí Kíkọ́: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi Fọwọ́ Kan Iyanrìn

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ bi olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ wọn ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́sàn-án: "Kí ni wọ́n kọ lónìí?" Wọn kò ní tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á ti fa ìwé yọ nínú báàgì ọmọ, tí wọ́n á máa ṣí i wò. Bí A àti B bá kún ojú ìwé méjì, tí olùkọ́ sì ti fi bírò pupa sàmì sí i, inú wọn á dùn pé owó ilé ẹ̀kọ́ kò ṣòfò. Bí ojú ìwé bá ṣófo, tó wá jẹ́ pé iyanrìn ni wọ́n bá létí aṣọ ọmọ, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ nìyẹn. "Ṣé eré ni mo ń sanwó fún?" Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta ní agogo kan ọ̀sán yóò ti gbọ́ ọ rí.

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni èdè Yorùbá fi ya kíkọ sọ́tọ̀ kúrò lára kíkọ́, àmì náà gan-an ni a sì ti gbàgbé. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta kọ sínú ìwé ni a ń wá, a kò wá ohun tí ó kọ́. Èrò tèmi ni pé láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, iyanrìn, omi, amọ̀, agolo àti ègé pákó lè kọ́ ọmọ ní ohun tí pẹ́ńsù kò tíì lè kọ́ ọ. Bí a ṣe ń gba nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa kí a lè fi ìwé àdàkọ rọ́pò wọn, àwọn ọmọ náà ni a ń ṣẹ̀, a sì tún ń sanwó lé e lórí.

Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ tí àwa fúnra wa sọ ibẹ̀. Jẹ́-ilé-ó-sinmi. Ilé ni a ní kó sinmi. A kò mẹ́nu ba ohun tí ọmọ yóò rí gbà níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún bíi tèmi á rántí pé jẹ́lé-ó-sinmi ìgbà náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lábẹ́ igi máńgòrò, kò fi bẹ́ẹ̀ ni ọmọ lára. Àlọ́ wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, erùpẹ̀ sì pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni gbòde, tí olúkúlùkù wọn ń wá oníbàárà, ìdíje wọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́ta rẹ̀ bá lè ka òǹkà Gẹ̀ẹ́sì dé ọgọ́rùn-ún ni òbí ń sáré lọ. Wọ́n da síméńtì bo ilẹ̀, wọ́n to àga bí ẹni ń retí adájọ́, wọ́n sì kó ìwé mẹ́jọ lé ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣì ń kọ ìròyìn ètò ẹ̀kọ́ fún ìwé ìròyìn, mo wọ iyàrá kan tí ọmọ ọdún mẹ́rin bí ọgbọ̀n ti ń jókòó láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ di ọ̀sán gangan. Àwọn ohun ìṣeré olówó ńlá wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lókè, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà wọ́n. Ẹni tó mú mi yíká ṣàlàyé pé ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà òyìnbó kan ni mo fẹ́ gbé wọ̀ wá lọ́rùn. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1977 tí wọ́n sì ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, sọ ọ́ kedere pé nípasẹ̀ eré ni kí a fi ìpìlẹ̀ òǹkà, lẹ́tà, àwọ̀ àti ìrísí nǹkan han ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a gbin ẹ̀mí ìwádìí sí i nínú nípa jíjẹ́ kó tú àyíká rẹ̀ wò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 12, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ní ọdún 1989, ní abala 31, àjọ náà sì tún ya ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ ní ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Eré Àgbáyé. Òfin kò wọ́n wa. Ibi tí ọmọ yóò ti da omi sílẹ̀ láìgba ìgbátí ló wọ́n wa.

Kí wá ni omi àti agolo ń kọ́ ọmọ? Ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́rin ní agolo mílíìkì kan, agolo tòmátì ńlá kan, ike omi tí a gé lórí, àti abọ́ tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ má sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi láti inú ọ̀kan sí òmíràn. Yóò rí i pé agolo ńlá ń gba ti kékeré bíi mélòó kan kó tó kún. Yóò rí i pé omi tó kún ike tẹ́ẹ́rẹ́ dé ẹnu kò tó nǹkan kan nínú abọ́ fífẹ̀, yóò dà á padà, yóò tún un wò. Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàkíyèsí bí ọmọdé ṣe ń ronú, fi irú omi báyìí ṣe ìdánwò. Ó da omi láti inú ife kan sínú ife mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga, lójú ọmọ, ó wá béèrè bóyá omi náà pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà tàbí méje ló dáhùn pé ó pọ̀ sí i, nítorí pé ó ga sí i. Ẹ lè fi chalk kọ ọ́ sójú pátákó fún un ní ìgbà ogún pé omi kan náà ni. Yóò kà á lákàtúnkà, kò sì ní gbà á gbọ́. Ọwọ́ tó bu omi náà lọ bu ú bọ̀ ni yóò sọ fún un lọ́jọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò ti rí nílẹ̀ wa kí ìwé tó dé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí mọ iye kóńgò tó wà nínú àpò láìlo pẹ́ńsù. Láti kékeré ló ti ń jókòó ti ìyá tirẹ̀ nídìí àtẹ, tí ó ń fi agolo wọn erùpẹ̀ tó pè ní èlùbọ́, tí ó ń tà á fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì dúró fún owó. Eré ni gbogbo wa pè é.

Iyanrìn tún ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó gbẹ kò ṣeé mọlé. Bí omi bá pọ̀ jù, ilé á ṣàn lọ. Bí omi bá ṣe déédéé, ọmọ lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó fi ọwọ́ gbá a lé e lórí dáadáa, kó rọra fa ẹsẹ̀ yọ, ihò ilé á sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ṣe é rí. Ẹ rántí iye ìgbà tí ilé náà wó kí ó tó dúró, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni tó fi bírò pupa fagi lé e. Ẹ tún mọlé ni. Bí ẹ bá jẹ́ méjì nídìí iyanrìn náà, tí pákó tó lè ṣe afárá sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ti jà, ẹ ti bẹ ara yín, ẹ sì ti pinnu ta ni yóò kọ́kọ́ lò ó, gbogbo rẹ̀ láìsí àgbàlagbà kan láàárín. Kò sí ìwé iṣẹ́ àmúrelé tí a lè rí èyí kà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà tún wà. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú àtẹ́lẹwọ́ àti ìka ni ọmọ yóò fi di pẹ́ńsù mú, wọn kì í sì í gbó lọ́jọ́ kan. Pípo amọ̀, ṣíṣí ìdérí ìgò, fífún àkísà tó rin, títa kókó sí okùn: iṣẹ́ wọ̀nyí ló ń fún wọn lágbára. Lẹ́yìn náà ni pẹ́ńsù yóò rọrùn. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé olùkọ́ á fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, á fà á lọ sókè, á fà á wá sílẹ̀, títí tí ìlà náà yóò fi kún. Olùkọ́ ló kọ ọ́, kì í ṣe ọmọ. Òbí dé ní ọ̀sán, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ti ra ohun ìṣeré sílé. Mo mọ̀. Ọkọ̀ oníke tó ń ké bí ọkọ̀ ọlọ́pàá, tí iná ń tàn lórí rẹ̀: ọmọ á fi ṣeré fún ọjọ́ mẹ́ta, ó di ọjọ́ kẹrin, inú páálí tí wọ́n fi gbé e wá ni yóò jókòó sí. Òbí á máa bínú pé ọmọ kò mọ iyì nǹkan, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Ọkọ̀ yẹn kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju ọkọ̀ lọ. Páálí lè jẹ́ ọkọ̀ lónìí, kó di ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kó di ibùsùn ọmọ-láńgidi lọ́túnla. Simon Nicholson, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àròkọ kan lórí èyí ní ọdún 1971. Ó ní bí nǹkan tó ṣeé gbé, tó ṣeé tò, tó ṣeé tú bá ṣe pọ̀ tó níbi kan, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní láti dá nǹkan tuntun sílẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ Denmark, wọ́n ṣí pápá ìṣeré kan ní Emdrup, ní Copenhagen, lórí èrò C. Th. Sørensen tó ń ya àwòrán ọgbà. Pákó àlòkù, bíríkì àti àwọn nǹkan tí àgbà kò lò mọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀ fún àwọn ọmọ láti fi kọ́ ohun tó bá wù wọ́n. Friedrich Froebel ti Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ tí a wá ń pè ní "kindergarten" ní ọdún 1837, bọ́ọ̀lù àti ègé igi ló kọ́kọ́ fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìjọba Prussia fòfin de irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1851, kò sì dín ní ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Kì í ṣe òní ni àwọn àgbà ti ń fura sí eré ọmọdé.

Àwọn ọmọ tiwa kò dúró de Emdrup. Àwọn ló gé agolo sádìínì ṣe ọkọ̀, tí wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀, tí wọ́n so okùn mọ́ ọn níwájú. Àwọn ló fi ìdérí bírò ta òkòtó nígbà tí ìkaraun ìgbín kò sí nítòsí. Àwọn ló gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, tí wọ́n ka òkúta mẹ́rin mẹ́rin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé méjìdínláàádọ́ta, tí wọ́n sì ta ayò láìní ọpọ́n. Àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìgbọràn nígbà náà ló wà nínú àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wa ṣe lónìí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn òǹkàwé ojú ewé yìí yóò fẹ́ gbọ́. Ọmọ tó ń ṣeré nídìí iyanrìn kò lè dákẹ́, èdè tí ó bá gbọ́ nílé ni yóò sì fi sọ̀rọ̀ bí a kò bá dá a lẹ́kun. Ibẹ̀ ni kún, dín, jìn, fẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, rọ̀, le, wó àti dúró ti ń di ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó sún mọ́ irú rẹ̀, ní ọdún 2025 wọ́n pa á tì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba kankan kò lè wá sídìí iyanrìn wá sọ èdè tí ọmọ yóò fi pe ilé tó mọ.

Mo gbọ́ àwọn tó ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni a ní kí a pẹ̀. A kò ní kí a la pákó lára rẹ̀ ní ọdún kẹta. Ìbẹ̀rù àwọn òbí kì í ṣe asán, mi ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ń fún ọmọ ọdún márùn-ún ní ìdánwò àbáwọlé, ìwé ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Òbí tó ń ta búrẹ́dì kó tó rí owó ilé ẹ̀kọ́ san fẹ́ rí ẹ̀rí ohun tó sanwó fún. Ojú ìwé tó kún ni ẹ̀rí tó rọrùn jù lọ láti rí. Ó rò pé eré wà fún ọmọ olówó tí yóò rí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wọ̀ bí èyí kò bá dára. Mo ní kó ro ó wò báyìí: ọmọ olówó ní ìwé àwòrán, ọgbà àti olùtọ́jú nílé. Ọmọ tó jẹ́ pé iyàrá kan ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Mushin, tí òpópónà iwájú ilé wọn sì kún fún ọ̀kadà, ibo ni yóò ti ṣeré bí kò bá ṣe ní ilé ẹ̀kọ́? Òun gan-an ni ìwé mẹ́jọ yẹn ń fìyà jẹ jù.

Ní ti ewu, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Agolo tí etí rẹ̀ mú gbọ́dọ̀ di èyí tí a fi òòlù lù wọlé. Pákó kò gbọdọ̀ ní ìṣó. Ìdérí ìgò àti ọmọ ayò kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ẹnu ni yóò kó wọn sí. A kò gbọdọ̀ fi ọmọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú omi, ìbáà jẹ́ ìsàlẹ̀ garawa lásán. Kí a da ọ̀rá bo iyanrìn lálẹ́ kí ológbò má baà yàgbẹ́ sí i. Ìyọnu rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ti ìdọ̀tí tí àwọn ìyá ń kùn sí, ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, àwọn àgbà ti dáhùn ìyẹn kí a tó bí wa.

Olùkọ́ ni iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀ jù. Jíjẹ́ kí ọmọ ṣeré kì í ṣe kí olùkọ́ jókòó síbì kan kó máa tẹ fóònù. Yóò kó nǹkan kalẹ̀ ní àárọ̀, yóò máa wò, yóò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó béèrè pé, "Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá yọ èyí tó wà nísàlẹ̀?" Èyí le ju kíkọ A sójú pátákó lọ. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò sì lè ṣe é fún ogójì ọmọ. Bí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ná owó, kó fi gba olùkọ́ kejì, kó fi ohun ìṣeré oníke sílẹ̀ lọ́jà.

Nǹkan tó kù kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀kún ọmọlanke iyanrìn kan. Ègé pákó lọ́dọ̀ káfíńtà, tí a ti fá kó má gún ọmọ. Ègé aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀. Igbá àgbọn, ṣùkù àgbàdo, ìkaraun ìgbín tí a fọ̀, páálí, agolo, àrọ kan tàbí méjì. Wákàtí kan àtààbọ̀ lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi agogo gé sí wẹ́wẹ́, nítorí ọmọ á lo ìdajì wákàtí kó tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Kí òbí fi aṣọ àtijọ́ kan sínú báàgì ọmọ. Kí olùkọ́ ya fọ́tò ohun tí ọmọ kọ́, kó fi ránṣẹ́ sí òbí lórí WhatsApp, kó kọ gbólóhùn kan sí i nípa ohun tí ọmọ sọ nígbà tó ń ṣe é. Òbí tó ń wá ẹ̀rí yóò rí ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí àwọn alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ láti ọ́fíìsì ìjọba kò bá yí ọ̀nà wọn padà. Bí alábẹ̀wò bá wọ kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́rin, ìwé ni ó máa ń béèrè. Ó ń wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, ó sì ń kọ máàkì sílẹ̀. Olùkọ́ tó gbọ́n kò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu nítorí iyanrìn. Àwọn kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù lè pàṣẹ lónìí pé kí ìwé àdàkọ kúrò lára ohun tí wọn yóò máa yẹ̀ wò fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: Ṣé iyanrìn àti omi wà? Ṣé ọwọ́ ọmọ tó nǹkan fúnra rẹ̀, àbí òkè kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n wà? Wákàtí mélòó ni ọmọ fi lò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Kò gba owó ìṣúná, kò gba ìgbìmọ̀ olùwádìí. Oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, fọ́ọ̀mù àbẹ̀wò náà kò sì ju ojú ìwé kan lọ láti tẹ̀.